Ẹ Má Sọ Pé Ẹnu Mi Lẹ Ti Gbọ́

Ẹ jókòó jàre. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, epo mi ò tíì gbóná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o, torí mo ti búra fún Alhaji Lándílọ́ọ̀dù pé mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ilé yìí mọ́ títí oṣù á fi parí. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé mo gbìyànjú?

Ara ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé wa ní Ladi-Lak níbí, yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra ni, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé tí yàrá kẹrin bá sín, yàrá karùn-ún ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ má pè mí ní olófòófó. Mo ń bó ẹ̀wà àkàrà ní ìdájí nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ yàrá keje lórí fóònù: "Ejẹ́ǹtì náà ti ṣetán. Mo ti kó gbogbo irinṣẹ́ fún un. Láti ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará ilé lóhùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá yàrá rí ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí ẹ bá gbọ́ ejẹ́ǹtì, ta lẹ máa rò? Ẹni tó ń gba owó ejẹ́ǹsì, tó tún ń gba owó àgírímẹ́ǹtì, tó tún ní kí ẹ fún òun lówó ọkọ̀ tí òun fi mú yín lọ wo yàrá tí kò ní fèrèsé. Ìyá Elégbo nìkan ni mo sọ fún. Ohun tí mo sọ kò ju pé ó jọ pé wọ́n ti ta ilé. Èmi ò sọ pé wọ́n máa lé wa, Ìyá Elégbo ló fi ìyẹn kún un. Kí àkàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n, Bàbá Fọkanáísà ti sáré lọ wo yàrá ní Ìlàjẹ, ìyàwó yàrá kẹfà sì ti bú Alhaji. Alhaji jáde tòun ti búùtà lọ́wọ́, àlùwàlá ò tíì parí, ó ní ta ló ta ilé òun?

Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo ń yí àkàrà.

Ọmọ yàrá keje ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní ejẹ́ǹtì tòun kì í ṣe èèyàn, éè-áì ni, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ti fún un níṣẹ́ tó ń dá ṣe, tí kì í ṣe pé ó kàn ń dáhùn ìbéèrè lásán, orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Ìyá Alájọ ní yàrá karùn-ún ló gbéṣẹ́ fún un. Kí oníbàárà máa bá ejẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kó máa sọ iye tí wọ́n ti dá fún wọn, kó máa rán wọn létí, kó sì máa sanwó fún ẹni tí oṣù rẹ̀ bá pé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbàjọ ládùúgbò yìí, ẹsẹ̀ àgbà ló ń tọ̀. Alájọ Ṣómólú tí ẹ ń gbọ́ yẹn, èèyàn ni, kì í ṣe àlọ́. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1915, ó kú ní 2012. Òun la fi ń ki ọlọ́pọlọ pípé: orí rẹ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Wọ́n tún máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín kò tíì fi mọ́tò wọ àwọn ojú ọ̀nà wa yìí nírọ̀lẹ́ rí. Kẹ̀kẹ́ ló mọ́gbọ́n wá.

Ìyá Alájọ tiwa ń kọ orúkọ ní tiẹ̀, káàdì rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n inú orí ni ìyókù wà. Ó mọ̀ pé tí Bàbá Fọkanáísà bá ní òun fẹ́ gbowó òun ní alẹ́ Ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ kó ní báńkì ò ṣiṣẹ́. Ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kò sí èyí nínú káàdì. Ọmọ yàrá keje kó káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ó fi orí sílẹ̀ lọ́rùn Ìyá Alájọ.

Bó ṣe ṣàlàyé irinṣẹ́ fún mi nìyí, mo sì fún un ní àkàrà mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè sọ ọ́ délẹ̀. Ó ní éè-áì mọ̀wé títí, àmọ́ kò lọ́wọ́. Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ fún un. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ní gbólóhùn tó sọ ohun tó wà fún, ó sì ní àwọn nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i kó tó ṣiṣẹ́. Éè-áì kì í rí inú irinṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìkan ló ń kà, ibẹ̀ náà ló ti máa pinnu èyí tó máa mú. Mo ní àṣé bí ìgò agbo ni. Alágbo ìta wa ń rọ agbo ibà àti agbo jẹ̀díjẹ̀dí sínú ìgò kan náà, ojú rẹ̀ ló fi mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tó fi ọmọ rẹ̀ ṣọ́ igbá, ẹni tí ibà ń ṣe ilé ìyàgbẹ́ ló sùn. Ọmọ yàrá keje rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Mọ́mì, bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Ó ní ìlànà kan tiẹ̀ wà tí ilé-iṣẹ́ Anthropic ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kọkànlá 2024, kí irinṣẹ́ èyíkéyìí àti éè-áì èyíkéyìí lè gbọ́ ara wọn yé. MCP lorúkọ rẹ̀. Mo ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo tún nìyẹn, ṣé àwọn tó bínú kúrò ní PDP ni? Ó ní rárá o. Ó ti pẹ́ jù, mo ti sọ fún èèyàn méjì.

Ìyá Elégbo ni oṣù rẹ̀ kọ́kọ́ pé. Ó fẹ́ gba ₦30,000. Ó kọ ọ́ sí WhatsApp, ejẹ́ǹtì kí i, ó bi í léèrè ọmọ (ó níwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn), ó ní owó ń bọ̀. Fóònù dún. Ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ẹ bá gbọ́ igbe! Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó ní Ìyá Alájọ ti fi owó òun kọ́lé. Ìyá Alájọ ní òun ò kọ́ ilé ajá. Èmi, mo gbé àpótí mi sún mọ́ wọn díẹ̀, nítorí oòrùn.

Ọmọ yàrá keje wò ó títí. Irinṣẹ́ tó pè ní "Sanwó", ohun tó kọ sí i lára kò ju "fi owó ránṣẹ́" lọ, ohun tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi sí i ni "iye". Ejẹ́ǹtì fi 30,000 sí i. Kọ́bọ̀ ni irinṣẹ́ náà ń kà. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé Paystack, ilé-iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sanwó, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí Stripe ti Amẹ́ríkà wá rà ní 2020, kọ ọ́ gbàǹgbà sínú ìwé ìlànà tiwọn pé kọ́bọ̀ ni kí ẹ fi ka náírà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ₦30,000, 3,000,000 ló máa kọ. Òun ka ìwé yẹn, ó yé òun, òun wá kọ irinṣẹ́ tòun, òun kò sì fi ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ kún un, torí òun ti mọ̀ ọ́n.

Torí òun ti mọ̀ ọ́n! Ẹ wá wo nǹkan. Iye kí ni? Tí ẹ bá rán ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní gàárì mẹ́ta, ṣé kóńgò mẹ́ta ni àbí dẹ́ríkà mẹ́ta? Ọmọ ilé mọ̀. Àlejò ò mọ̀. Ìyá mi àgbà, lọ́dún 1973 tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí sílè mẹ́wàá di náírà kan, kò pààrọ̀ tiẹ̀. Ẹ bá a nájà ní náírà, sílè ló máa fi dá yín lóhùn, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣírò rẹ̀. Títí ó fi kú ló rò pé ìjọba ló ṣì í.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò gùn. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já nígbà tí ejẹ́ǹtì ń sanwó fún Bàbá Fọkanáísà. Èsì ò padà wá, ejẹ́ǹtì bá tún san án. Ẹ̀ẹ̀mejì lowó wọlé. Bàbá Fọkanáísà kò mí kanlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bàtà tuntun ló tú u fó. Ọmọ yàrá keje wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá pe irinṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, owó máa jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí èsì ò bá dé, kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti jáde. Ó tún fi àmì ìdánimọ̀ sí ìsanwó kọ̀ọ̀kan, tí àmì kan náà bá padà wá, irinṣẹ́ á mọ̀ pé òun ti ṣe èyí.

Ẹ súnmọ́ mi. Èyí tí mo torí ẹ̀ pè yín ló kù.

Ẹ mọ ìyàwó kékeré Alhaji. Ó ń dá àjọ. Alhaji ò mọ̀. Èmi mọ̀, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ju Ìyá Elégbo lọ. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ gbà ní Òwòrònṣókí kó máa ta aṣọ ọmọdé. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó bi ejẹ́ǹtì léèrè iye tó wà nílẹ̀. Ejẹ́ǹtì wò ó, ó mú irinṣẹ́ tó ń jẹ́ "Ránṣẹ́", ó kọ ọ́ dáadáa: "Ẹ kú alẹ́ o, Àǹtí. Owó ṣọ́ọ̀bù yín ti pé ₦400,000. Bí ẹ ṣe sọ, Alhaji ò ní gbọ́." Ó ránṣẹ́.

Fóònù mi dún. Ti Ìyá Elégbo dún. Ti Bàbá Atẹ̀wé dún nínú balùwẹ̀. Ìró fóònù gba gbogbo ilé kan bí aago ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìyá Alájọ ti ní kí ọmọ yìí fi Yorùbá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara irinṣẹ́, kí òun náà lè kà á. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ sára "Ránṣẹ́" pé: "fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà." Ẹ gbọ́ mi, oníbàárà mélòó? Lédè tiwa, oníbàárà kan, oníbàárà ni. Oníbàárà ọgọ́ta, oníbàárà ni. Ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, tàbí bó ṣe na ọwọ́. Ejẹ́ǹtì ò rójú ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe fún ìkéde, pé ọ̀la ìsinmi ni, pé Ìyá Alájọ ń lọ sílé òkú, òun ló bá lọ́wọ́, ó sì rò pé ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ ni oníbàárà tí wọ́n ń wí.

Alhaji jáde. Ó gbé fóònù sókè, ó ní kí ìyàwó kékeré wá ṣàlàyé ₦400,000. Ìyàwó kékeré ń wá ibi tó máa wọ̀. Ìyálé, tó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀fọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Alhaji, oníbàárà Ìyá Alájọ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Báwo ló ṣe dé orí fóònù tiyín?"

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo gbọ́n tó yìí, mi ò ronú kan ibẹ̀. Alhaji náà ń dá àjọ! Ohun tó fẹ́ fi owó tiẹ̀ ṣe, ẹ má bi mí, ó wà ní Pédro, ó ń ṣe irun, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ yẹn ló mú mi búra.

Bàbá Atẹ̀wé ní yàrá kẹjọ ló gba ọmọ náà nímọ̀ràn. Ẹ mọ̀ pé ìwé títẹ̀ niṣẹ́ Ṣómólú. Ẹni tó bá rìn dé Ṣípéolú, ìró maṣíìnì ni yóò fi mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Bàbá Atẹ̀wé ní nígbà kan rí, òun tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fún obìnrin kan, òun tẹ orúkọ ọkọ tí wọ́n kọ sí bébà fún òun. Àfẹ́sọ́nà àtijọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, Heidelberg òun tó ti Jámánì wá kò ní yí tí oníbàárà ò bá tíì fọwọ́ sí prúùfù. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí kò ṣeé gbà padà, má jẹ́ kí ó jáde láì sí prúùfù." Ọmọ yàrá keje bá la "Ránṣẹ́" sí méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ "Kọ̀wé sí ẹnì kan ṣoṣo", kò sì ní ṣiṣẹ́ láì sí nọ́ńbà káàdì ẹni náà. Ìkejì ń jẹ́ "Kéde fún gbogbo oníbàárà", Ìyá Alájọ gbọ́dọ̀ kà á kó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó tó lọ.

Bàbá Atẹ̀wé tún sọ nǹkan kan. Ó ní ohun tí ìwọ ti mọ̀ kò lè jẹ́ kí o kọ ọ́ dáadáa, lọ bá ẹni tó máa ń ṣàlàyé nǹkan tí wọn ò bi í. Ó sì nawọ́ sí mi.

Inú mi dùn, mi ò fi pa mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò mú bírò rí. Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní tí Ìyá Alájọ bá ní kí ẹnì kan wá ní òní ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ méje ni kó kà nínú kọ̀ǹpútà, torí àwa ń ka òní mọ́ ọn. Ẹni tó kú ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni fídáù ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀. Ìtàdógún náà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lórúkọ, mẹ́rìndínlógún ló máa fi rìn. Ó ní "Háà!" Ó ti ń pe àwọn èèyàn ní ọjọ́ kan lẹ́yìn. Mo ní òdo tó wà níwájú nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ìyàwó yàrá kẹfà ní wọ́n ń wá nọ́ńbà òun tì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun sọ fún irinṣẹ́ pé iye ni nọ́ńbà fóònù, irinṣẹ́ sì gé òdo dànù, bí ẹni tó ń ka owó. Mo ní ta ló ń ka fóònù? Orúkọ nìyẹn. Mo ní owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ti alájọ ni, kí ejẹ́ǹtì máà bá wọn jà lé e. Mo ní wọn kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ó ń kọ ọ́, ó tún ń gé e. Ìyẹn dùn mí. Mo sọ ìtàn bí ọkọ Ìyá Elégbo ṣe sá lọ, pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ tó wọ̀, ó pa á rẹ́. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù lára irinṣẹ́, èyí tó ṣe kókó á rì sínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń ṣe bí oníbàárà, ó máa bi ejẹ́ǹtì ní ìbéèrè wíwọ́ bí àwa ṣe ń béèrè, á wo irinṣẹ́ tó máa mú. Tó bá mú èyí tí kò yẹ, kò ní fọwọ́ kan inú irinṣẹ́, gbólóhùn ara rẹ̀ ló máa tún kọ. Níbi tó ti kọ "Àṣìṣe 400" tẹ́lẹ̀, tí ejẹ́ǹtì á kàn dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbá létí, ó kọ "Nọ́ńbà káàdì kò pé, mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́, bi oníbàárà léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó ní èyí kì í tiẹ̀ ṣe nǹkan tuntun, pé àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà Unix ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, kọ ìwé ìlànà wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá 1971, wọ́n sì ya ààyè sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ àléébù irinṣẹ́ sí. Mo ní ẹ wò ó! Òyìnbó náà mọyì òfófó.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo rẹ̀ ti ń lọ. Ìyá Elégbo ti gba owó rẹ̀ pé, ìyàwó kékeré ti gba ṣọ́ọ̀bù, Alhaji ń jẹun ní búkà. Àná ni ọmọ náà dìde lọ gbé omi, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mi ò wò ó o. Ojú mi ló wà níbẹ̀. Mo rí irinṣẹ́ kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, "Bi Mọ́mì Alákàrà" lorúkọ rẹ̀. Ó kọ sí i lára pé:

"Lo èyí nígbà tí o kò bá mọ ìtàn oníbàárà kan. Yóò kọ̀wé sí fóònù Mọ́mì, Mọ́mì yóò sì dáhùn kíá, kódà lóru. Èsì máa ń gùn, mú ibi tó kàn ọ́. Má fi àṣírí sínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wọlé síbẹ̀ máa jáde sí gbogbo oníbàárà."

Gbogbo oníbàárà! Èmi! Èmi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ju Ìyá Elégbo lọ! Mo ní kó yọ ọ́ kíákíá, ó ní, "Mọ́mì, èwo nínú ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀?" Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn, ẹ sì ń wo… ẹ dákẹ́. Ẹ má wẹ̀yìn. Alhaji ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ mú owó jáde, ẹ ní àkàrà eélòó lẹ fẹ́.